Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Ni Ìdánwò: Èrò Mi lórí Ìwé Àkàmọ́jú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Arọ tí ó ti gbọ́ pé ogun ń bọ̀ ní ìwòyí oṣù mẹ́ta kò ní dúró títí ìró ìbọn yóò fi máa dún lẹ́yìn odi kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí ibi ìsádi. Bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, kò sí ogun tí a ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ tó ìdánwò àṣekágbá nílé-ẹ̀kọ́. Láti ọjọ́ tí ọmọ ti wọ kíláàsì ni ó ti mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a óò gbé ìbéèrè ka iwájú rẹ̀, tí a óò ní kí ó wí ohun tí ó kọ́. A óò tilẹ̀ lẹ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ mọ́ ara ògiri fún un.

Síbẹ̀, nígbà tí oṣù Kárùn-ún bá wọlé, tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń kọ ìdánwò WAEC, tàbí tí sáà bá ń parí lọ ní Yunifásítì, ohun kan náà ni ojú wa máa ń rí. Iná kì í kú mọ́ lóru nínú yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Níbi tí kò bá sí iná mànàmáná, àbẹ́là àti tọ́ọ̀ṣì fóònù ni. Ọmọ tí kò ṣí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yóò ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú abọ́ omi tútù kí oorun má baà gbé e lọ. Yóò máa jẹ obì, yóò máa mu kọfí, yóò máa fẹ́ ka ìwé oṣù mẹ́rin tán ní òru ọjọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n, yóò sì gba ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò wọlé bí ẹni tí ó ti oko ẹrú dé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ní orúkọ tí wọ́n ń pe àṣà yìí. TDB ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju kí a máa kàwé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní tèmi, ìwé àkàmọ́jú ni n óò máa pè é nínú àròkọ yìí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bú àwọn ọmọ wa. Ohun tí ó mú mi gbé gègé ni pé àwa àgbà ti sọ àìsùn di ohun ìyìn. Bí òbí bá ń ròyìn ọmọ rẹ̀ lóde, ohun tí ó fi ń yangàn ni pé, "Ọmọ yìí kì í sùn!" Olùkọ́ náà á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọ ọ̀hún bá wá yege, a óò ní àìsùn ni ó gbè é. Mo fẹ́ kí a jọ yẹ ìyìn yìí wò bóyá ó tọ́.

Ó ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà

A kò gbọdọ̀ purọ́ fún ọmọdé. Bí a bá sọ fún un pé ìwé àkàmọ́jú kò wúlò rárá, yóò fi wá ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé ó mọ ẹni tí ó kà á mọ́jú tí ó sì yege. Òtítọ́ ni. Ohun tí a bá rọ́ sínú orí lóru lè má tí ì jò tán kí agogo ìdánwò tó lù. Ibi tí ó burú sí ni pé kì í dúró. Ó dà bí omi tí a fi ajere pọn: bí ẹni tí ó pọn ọ́n bá sáré, yóò gbé díẹ̀ dé ilé, ṣùgbọ́n kò ní rí i mu ní ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbá lásán. Ní ọdún 1885, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tẹ ìwé kan jáde lórí ìrántí ọmọ ènìyàn. Ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ìwádìí náà. Ó ṣẹ̀dá àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀, ó ń há wọn sórí, ó sì ń ka iye ìgbà tí òun wí wọn kí wọ́n tó mọ́ òun lẹ́nu. Ó rí i pé bí òun bá wí ọ̀wọ́ sílébù kan ní ìgbà 68 ní ọjọ́ kan ṣoṣo, àǹfààní tí ó ṣe òun ní ọjọ́ kejì kò ju ti ìgbà 38 péré lọ, bí òun bá pín ìgbà 38 náà sí ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó tètè bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ ju ti ẹni tí ó kà á mọ́jú lọ. Iṣẹ́ tí ó lé díẹ̀ ní ìdajì ti ẹnìkejì rẹ̀ ni ó ń ṣe, ó sì tún ń rí oorun sùn.

Ní ọdún 2006, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, tún fi ojú mìíràn wo ọ̀ràn náà. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kan. Ọ̀wọ́ kan kà á ní ìgbà mẹ́rin. Ọ̀wọ́ mìíràn kà á ní ìgbà kan, wọ́n sì pa ìwé dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tí ó kà á ní ìgbà mẹ́rin ni ó borí: wọ́n rántí ìdá 83 nínú 100, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn sì rántí ìdá 71. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn tí ó kàn ń tún un kà rántí ìdá 40. Àwọn tí ó ń dán ara wọn wò rántí ìdá 61. Ìdí rẹ̀ ni pé àkàtúnkà a máa tan ènìyàn jẹ. Ojú ti mọ ìwé náà dunjú, ọkàn á sì rò pé òun ti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Kí ni ó kàn ọ́ bí ọmọ bá gbàgbé ohun tí ó ti fi yege?" Ó kàn mí, ó sì kan gbogbo wa. Ẹ mú ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá tí mo ń kọ́ni gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè fi òru kan há òfin àmì ohùn sórí, kí ó sì fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọkọ tí ó fẹ́ aya, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun hàn lórí bébà. Yóò gba máàkì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, a ó fún un ní ṣọ́ọ̀kì, a ó fún un ní ogójì ọmọ, a ó ní kí ó kọ́ wọn. Kí ni yóò kọ́ wọn? Àkọtọ́ òde òní tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ti jò lọ nínú orí rẹ̀. Àwọn ọmọ ogójì náà yóò máa kọ ọkọ́ ní ọkọ̀, wọn yóò sì dàgbà tán, wọn yóò máa sọ pé èdè Yorùbá le. Èdè kò le. Ajere ni a fi pọn ọ́n fún wọn. Bí ó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ni ẹni tí ó ka ìwọ̀n oògùn mọ́jú, tàbí ẹ̀ńjìnnìà ni ẹni tí ó ka ìṣirò afárá mọ́jú, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ lè já sí.

Bí àwọn baba wa ti ń kọ́ ẹ̀kọ́

Àwọn kan gbà pé ìwé tí àwọn òyìnbó mú wá ni ó kọ́ wa ní híhá nǹkan sórí. Irọ́ ni. Àwọn baba wa mọ bí a ti ń há nǹkan sórí kí ìwé tó dé, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ju àwa lọ. Odù Ifá jẹ́ 256: ojú Odù 16 àti àmúlù 240. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ẹsẹ Ifá tí kò lóǹkà wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, ẹni tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó ní ọdún 1971, ti ṣàlàyé nínú àwọn ìwé rẹ̀ pé láti kékeré ni ọmọ awo ti ń lọ gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, àti pé ẹ̀kọ́ náà a máa gbà tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó ń fi òru ọjọ́ kan kọ́ Ifá.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ ni mo fẹ́ kí ẹ kíyèsí. Ọ̀gá yóò wí díẹ̀, ọmọ awo yóò wí i tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó fi tuntun kún un, ọmọ awo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wí ti àná láìsí ẹni tí ó ń tì í lẹ́nu. Bí kò bá mọ́ ọn lẹ́nu, tuntun kò ní dé. Nígbà tí ó bá sì dàgbà nínú awo, ìdánwò rẹ̀ kò parí. Bí àwọn babaláwo bá péjọ ní ọjọ́ awo, tí ọ̀kan nínú wọn ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù ni yóò máa fi "hán-ìn" gbè é ní gbogbo ibi tí ó bá ti wí i bí ó ti yẹ. Bí ó bá ṣì í wí, wọn kò ní gbè é. Wọn yóò dá a dúró, wọn yóò tún un ṣe. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nọ́ńbà gbé jáde ní ọdún 2006, ó ti wà ní ojúbọ Ọ̀rúnmìlà láti ayébáyé: kì í ṣe àkàtúnkà ni ó ń mú kí nǹkan dúró nínú orí, bí kò ṣe kí a máa pe orí jáde kí ó wá wí ohun tí ó mọ̀.

Kì í ṣe nídìí Ifá nìkan. Ní ilé kéú, ọmọ kì í fọ wàláà rẹ̀ kí a tó kọ tuntun sí i àyàfi bí ó bá ti ka ti àkọ́kọ́ délẹ̀ níwájú Áfáà. Ọmọ Àyàn kì í dúró di ọjọ́ ọdún kí ó tó gbé gángan kọ́ èjìká. Láti ìgbà tí ó ti ń rákò nídìí baba rẹ̀ ni etí rẹ̀ ti ń gbọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbìyànjú rẹ̀ lára ìlù kékeré. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé àṣà wa ni kí a máa fi ìpayà kọ́ ẹ̀kọ́, kò mọ àṣà wa.

Ìsọ̀yè àti orí gbígbóná

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èwo ni ti ìsọ̀yè?" Ìbéèrè tí ó dára ni. Àwọn baba wa ní ìsọ̀yè lóòótọ́, títí di òní ni àwọn òbí sì ń wá a fún ọmọ wọn bí ìdánwò bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ó dáadáa. Kò sí babaláwo tí yóò fún ọmọ awo ní ìsọ̀yè, kí ó wá sọ fún un pé kí ó má wulẹ̀ kọ́ Odù mọ́. Ẹni tí ó ń kọ́ nǹkan ni a ń ṣe é fún, kí ohun tí ó ń kọ́ má baà sọnù. Ẹni tí kò kọ́ nǹkan kan, kí ni ìsọ̀yè yóò bá a sọ? Àwa ni a sọ ọ́ di oògùn alẹ́ ọjọ́ ìdánwò.

Ìyà tí ìwé àkàmọ́jú fi ń jẹ àwọn ọmọ wa kì í ṣe tuntun. Raymond Prince, dókítà àrùn ọpọlọ tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ní ọdún 1960, ó kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè ní "brain fag". Orí wọn á máa gbóná, tàbí kí ó máa ṣe wọ́n bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Ojú wọn á máa ṣú bí wọ́n bá ṣí ìwé. Ohun tí wọ́n bá kà kò ní wọ inú wọn mọ́. Àwọn oníṣègùn ti jiyàn lórí rẹ̀ púpọ̀ láti ìgbà náà. Ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àrùn mọ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀dà ti ọdún 1994, wọ́n sì yọ ọ́ nínú ti ọdún 2013.

Prince gbà pé ọ̀nà tí àwọn òyìnbó gbà ń kọ́ ẹ̀kọ́, níbi tí olúkúlùkù ti ń dá jókòó ti ìwé rẹ̀, kò bá ọmọ tí a tọ́ dàgbà láàárín agbo ilé mu. N kò gbà pé ìwà abínibí wa ni kò bá ìwé ṣe. Àwọn tí ó há Odù 256 sórí kò lè máa sá fún ìwé. Ṣùgbọ́n mo rí òtítọ́ kan mú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: a ti mú ọmọ kúrò nínú agbo tí yóò máa fi "hán-ìn" gbè é, a sì ti tì í mọ́ inú yàrá lóun nìkan pẹ̀lú ìwé, àbẹ́là àti ẹ̀rù.

Ní ti oorun, ẹ má jẹ́ kí a máa fi ṣe ọ̀tá. Ní ọdún 1924, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, Jenkins àti Dallenbach, fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ṣe ìwádìí. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá kọ́ nǹkan tí wọ́n sì sùn, wọ́n ń rántí rẹ̀ ju ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ tí wọ́n sì fi iye wákàtí kan náà ríran lójúfò lọ. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀lé e títí di òní sì ń fi hàn pé nígbà tí a bá sùn ni ọpọlọ ń to ohun tí a kọ́ jọ. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn gbà pé ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lójúmọ́. Ẹni tí ó bá fi oorun ra ìwé, ẹrù tí ó rà kò ní tò fún un.

Ta ni a óò dá lẹ́bi?

Ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi ru ọmọdé. Ọ̀lẹ wà nínú wọn, n kò jiyàn. Ẹni tí ó fi gbogbo sáà wo bọ́ọ̀lù, tí ó fi gbogbo òru tẹ fóònù, tí ó wá ń sunkún ní ọ̀la ìdánwò, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ.

Ẹ wo ọmọ tí ó ń kiri ọjà lẹ́yìn ilé-ìwé, tí ó ń pọnmi, tí ó ń dáná, tí kì í rí àyè jókòó kí ó tó di aago mẹ́wàá alẹ́. Ìgbà wo ni a fẹ́ kí ó kàwé bí kò ṣe òru? Ẹ tún wo àwọn ọmọ Yunifásítì ìjọba. Ní ọdún 2020, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ Yunifásítì gbà láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kejìlá. Ní ọdún 2022, ó tún gba oṣù mẹ́jọ gbáko, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. N kò fẹ́ ṣe ẹjọ́ ìjọba àti ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ níhìn-ín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí padà, a máa ń ki iṣẹ́ sáà mọ́ra bí ẹni ń ki àgbàdo sínú àpò. Ọmọ tí a fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọ́ ní iṣẹ́ oṣù púpọ̀, àwa ni a fi tipátipá sọ ọ́ di akàwémọ́jú.

Àwa olùkọ́ náà ńkọ́? Ètò Ẹ̀kọ́ Àpapọ̀ tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní ọdún 1977 ti rí àìsàn yìí, ó sì ti pèsè oògùn rẹ̀. Ó ní kí a máa ṣe ìgbéléwọ̀n láti ìgbà dé ìgbà, kí ó má jẹ́ ìdánwò ọjọ́ kan ṣoṣo ni yóò máa pinnu àyànmọ́ ọmọ. Bí a bá tẹ̀lé e bí ó ti yẹ, ọ̀nà ọmọ awo ni: wí ti àná kí o tó gba ti òní. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe? A óò fi gbogbo sáà sọ̀rọ̀ láìbéèrè nǹkan kan. Nígbà tí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ kan, a óò fún wọn ní ìgbéléwọ̀n mẹ́ta léra wọn, kí a lè rí máàkì kọ sílẹ̀. Oògùn náà ti di apá kan àìsàn.

Ewu mìíràn tún wà. Láti ìwé àkàmọ́jú dé jíjí ìwé wò kò jìnnà. Ọmọ tí ó bá rí i ní aago mẹ́ta òru pé òun kò lè ka ìwé náà tán mọ́ ni ẹni tí ń ta ìbéèrè ìdánwò máa ń rí mú. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí màgòmágó ìdánwò ní ọdún 1999 fi ẹ̀wọ̀n sí i, síbẹ̀ kò tíì dáwọ́ dúró. Bí a kò bá fẹ́ kí ọmọ jalè, ẹ jẹ́ kí a má fi ebi lé e dé ẹnu ọ̀nà aká.

Bí ọjọ́ bá ti súnmọ́ tán

Bí ènìyàn bá ń rì, a kì í dúró ní bèbè kí a máa bú u pé kí ló dé tí kò kọ́ ìwẹ̀. A ó kọ́kọ́ fà á jáde. Nítorí náà, mo ní ọ̀rọ̀ fún ọmọ tí ìdánwò rẹ̀ ku ọjọ́ márùn-ún, tí ìwé sì ṣì pọ̀ nílẹ̀.

Ọmọ mi, jókòó jẹ́ẹ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Mú bébà kan, kí o kọ gbogbo orí ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ sí i. Fi àmì sí èyí tí o mọ̀, èyí tí o mọ̀ ní àmọ̀ọ́mọ̀tán, àti èyí tí o kò mọ̀ rárá. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìn-ín-ní kí o ní o fẹ́ kà á dé ìparí. Kò ní ṣeé ṣe. Èyí tí o mọ̀ ní àmọ̀ọ́mọ̀tán ni kí o kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí pé òun ni yóò tètè so èso. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí o mú èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí o kò mọ̀. Fi ìyókù sílẹ̀ láìbínú.

Bí o bá ti ka orí kan, pa ìwé dé. Wí i sókè, tàbí kí o kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé o wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ibi tí o bá ti há ni ibi tí o kò mọ̀. Ibẹ̀ nìkan ni kí o padà lọ wò. Gba ìbéèrè ìdánwò ọdún àtẹ̀yìnwá, kí o dáhùn rẹ̀ láìwo ìwé. Ní ọjọ́ kejì, kí o tó ṣí orí tuntun, kọ́kọ́ wí ti àná.

Má dá jókòó ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ jọ fẹ́ ṣe àṣeyọrí, ẹ jókòó pọ̀ fún wákàtí kan lójúmọ́. Kí ẹnìkan máa ṣàlàyé, kí àwọn yòókù máa gbè é bí ó bá tọ́, kí wọ́n sì dá a dúró bí ó bá ṣì í. Agbo awo ni ẹ dá sílẹ̀ yẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá fi ìtàn bọ́ọ̀lù gba àkókò yín, ẹ rọra ní kí ó máa lọ.

Sùn. Bí òru bá fẹ́ di ogun mọ́ ọ lọ́wọ́, sùn ní aago mẹ́wàá, kí o jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí ilé parọ́rọ́. Ìwé wákàtí méjì tí a fi ojú tí ó sùn kà sàn ju ti wákàtí márùn-ún tí a ń tòògbé lé lórí. Jẹun tí ó dára lára, má fi ebi kàwé. Èròjà tí ó wà nínú kọfí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn wà nínú obì pẹ̀lú. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ jẹ obì, jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, má jẹ ẹ́ lálẹ́. Oògùn oníhóró tí àwọn kan ń tà ní kọ̀rọ̀ pé kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, má fi ọwọ́ kàn án. Bí orí bá ń gbóná tí ojú sì ń ṣú, pa ìwé dé, rìn jáde, sọ fún àgbà kan, bí kò bá sì lọ, kí o lọ rí dókítà. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, má ṣe ṣí orí tuntun. Wo àkọsílẹ̀ kúkúrú tí o ti ṣe, kí o sì tètè dé ibẹ̀. Ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì kí o tó kọ nǹkan. Èyí tí o mọ̀ jù ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Nígbà tí o bá sì kọ ọ́ tán, ohun kan kù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe. Bí ìsinmi bá dé, padà sí ohun tí o fi ìkánjú kọ́. Ṣí i ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìdánwò, tún ṣí i ní oṣù kan lẹ́yìn náà. Kì í ṣe nítorí máàkì mọ́. Nítorí pé ìwọ ni a óò fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ní ọjọ́ iwájú ni.

Ọ̀rọ̀ fún àwa àgbà

Bí àgbà kan bá ní òun náà ka ìwé tòun mọ́jú, òun sì di ọ̀gá, mo gbà. Ẹ sáà bá mi bi í léèrè bóyá ó lè jókòó kọ ìdánwò náà lónìí. Bí ó bá ní òun kò lè ṣe é, kí ó bi ara rẹ̀ wò: èwo ni ó sọ ọ́ di ọ̀gá, ṣé ohun tí ó kà ní òru ọjọ́ kan ni, àbí ohun tí ó fi ọdún púpọ̀ ṣe lójoojúmọ́ títí ó fi mọ́ ọn lára?

Ẹ̀yin òbí, ẹ dín iṣẹ́ àti ìkiri kù fún ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ẹ bi í léèrè lálẹ́ pé, "Kí ni o kọ́ lónìí?" kí ẹ sì jẹ́ kí ó wí i, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀wé. Ìyá tí kò ka ìwé rí lè gbọ́ bí ọmọ bá ń kálòlò. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lórí ohun tí a kọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, oore tí yóò ṣe sì ju ti àlàyé wákàtí kan lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò sáà lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì, bí ọjọ́ bá kéré, ẹ dín iṣẹ́ kù. Ẹ má fi oorun àwọn ọmọ san gbèsè tí wọn kò jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a yí ìyìn wa padà. Bí a bá fẹ́ yin ọmọ lóde, kí a má ṣe yìn ín pé kì í sùn. Ẹ jẹ́ kí a yìn ín pé kò sí ọjọ́ tí kì í wí ti àná kí ó tó gba ti òní. Ẹní bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Omi náà kò sì ṣeé dà ní òru ọjọ́ kan.